Ọ̀nà Ẹsẹ̀ Inú Igbó Ọ̀ṣun

Tí èèyàn bá dúró lẹ́nu ọ̀nà ààfin Atáọ́ja, ọba Òṣogbo, tí Ọjà Ọba ń hó gèè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí àwọn ọlọ́kadà ń tẹ fèrè lọ́tùn-ún lósì, kò ní rọrùn fún un láti gbà pé ìrìn ẹsẹ̀ tí kò tó wákàtí kan ló wà láàárín òun àti igbó dúdú. Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Igbó Ọ̀ṣun kò sí lẹ́yìn ìlú mọ́, ìlú ti fẹ̀ títí tó fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ilé, ṣọ́ọ̀bù àti ilé ìwé ti gba ẹ̀gbẹ́ kan. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì ògiri tó yí igbó náà ká, ilẹ̀ tó tó hẹ́kítà 75 wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dáko sí.

Ọdún Ọ̀ṣun ni ayé fi mọ igbó yìí. Nínú oṣù kẹjọ, èèyàn á ti Brazil, ti Cuba, ti Amẹ́ríkà wá, ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní Arugbá á ru igbá láti ààfin lọ sí etí odò, ìlù á máa dún kíkankíkan. Mo fẹ́ràn ọdún náà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ọjọ́ ọdún lọ, èrò ló máa rí, kò ní ráyè wo igbó. Nítorí náà, oṣù kọkànlá ni mo mú, nígbà tí òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ tí ọyẹ́ kò sì tíì dé. Igi ni mo bá lọ, àti odò, àti àwọn ọ̀nà tóóró tó so ojúbọ kan mọ́ òmíràn.

Lẹ́nu géètì, mo sanwó ìwọlé fún òṣìṣẹ́ àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, wọ́n sì fi ọkùnrin kan tì mí láti mú mi rìn. Ọmọ Òṣogbo ni, agboolé wọn kò jìnnà síbẹ̀, ó sì ti ń rin inú igbó náà láti kékeré. Kó tó gbẹ́sẹ̀, ó ka èèwọ̀ fún mi: a kì í dọdẹ níbẹ̀, a kì í pẹja, a kì í gégi. "Ẹ̀gbọ́n, ohun tí ẹ bá bá níbẹ̀, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀," ló fi parí ọ̀rọ̀. "Ẹ sì máa wo ilẹ̀ o, gbòǹgbò máa ń yọ̀ láàárọ̀."

Títì kan gba inú igbó kọjá, òun ni ọ̀pọ̀ àlejò máa ń tọ̀. Wọ́n á wo ère láti orí títì, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á sì dé ojúbọ etí odò láìjẹ́ pé bàtà wọn kan ewé. Mo bẹ ọkùnrin náà pé kó mú mi gba ọ̀nà ẹsẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ó yà sí apá òsì, ó gbé ìtàkùn kan sókè kí n lè bẹ̀rẹ̀ kọjá lábẹ́ rẹ̀, àfi bí ìgbà tí ẹnì kan ti ilẹ̀kùn mọ́ ariwo ìlú lẹ́yìn wa.

A ò tíì rìn jìnnà tí ooru ìta fi dín kù. Àwọn àràbà àti ìrókò ló ga jù, ewé wọn lọ́hùn-ún lókè ni oòrùn kọ́kọ́ ń bà. Lábẹ́ wọn ni àwọn igi tí kò ga tó bẹ́ẹ̀ wà, ọ̀pẹ sì wà láàárín wọn. Nísàlẹ̀ pátápátá ni àwọn igi wẹ́wẹ́ tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó ń dúró de ọjọ́ tí àgbà igi kan máa wó kí ìmọ́lẹ̀ lè kàn wọ́n. A rí ibi tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Igi ńlá kan ti ṣubú dí ọ̀nà, ẹnikẹ́ni kò gé e, wọ́n kàn la ọ̀nà mìíràn yí i ká ni. Lára ìtì rẹ̀ tó ti ń jẹrà, olú ti hù, kòkòrò ti lu ihò, àwọn igi kéékèèké tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì ti ń nà sókè wàràwàrà. Ní ilẹ̀ wa, igi tó bá wó kì í pẹ́ di pákó tàbí igi ìdáná. Mi ò rántí ibòmíràn tí mo ti rí igi tí wọ́n jẹ́ kó parí iṣẹ́ rẹ̀ lórí ilẹ̀.

Mo dúró pẹ́ ní ìdí àràbà kan. Gbòǹgbò rẹ̀ yọ láti ara ìtì, ó ga ju orí mi lọ, ó wá ń rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi wọ inú ilẹ̀ ní ọ̀nà jíjìn. Láàárín gbòǹgbò méjì, àyè wà tí èèyàn mẹ́ta lè jókòó sí. Mo fi igi kékeré tú ewé tó wà níbẹ̀. Ewé gbígbẹ ló wà lókè, ewé tútù tó ti di jákujàku wà lábẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ dúdú tó rọ̀, tí fọ́nrán funfun tín-ín-rín kún inú rẹ̀. Ọ̀kùn kan ká ara rẹ̀ jọ nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bà á. Àwọn ìjàlọ tò lọ láti gbòǹgbò kan sí èkejì, ọkùnrin náà sì fà mí lápá kí n má baà tẹ̀ wọ́n. Ó ní gbòǹgbò àràbà kì í rì jìn nínú ilẹ̀ etí odò, fífẹ̀ tó fẹ̀ ló fi ń dúró. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lu gbòǹgbò náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dún gbọ̀ọ̀ngbọ̀ọ̀n.

Bí a ti ń lọ ló ń dárúkọ: èyí akòko, èyí pẹ̀rẹ́gún, èyí ìrẹ́. Àkọsílẹ̀ UNESCO sọ pé oríṣi ewéko tó wà nínú igbó yìí lé ní 400, àti pé èyí tí àwọn èèyàn mọ̀ ní oògùn nínú wọn lé ní 200. Ẹni tó bá mọ bó ti ń rí fún àwọn ẹlẹ́wé ọmọ lóde òní á mọ ohun tí iye yẹn jẹ́. Àwọn ìyá tó ń ta àgbo lọ́jà máa ń ráhùn pé ewé tí àwọn ń já lẹ́yìnkùlé tẹ́lẹ̀ ti di ohun tí àwọn ń wọkọ̀ lọ wá. Ilé ti bo ibẹ̀, oògùn apakoríko ti pa ìyókù. Ìwé ìṣègùn tí ẹnikẹ́ni kò tíì kà tán ló wà nínú ilẹ̀ 75 hẹ́kítà yẹn.

Àwọn ọ̀bọ rí wa kí àwa tó rí wọn. Ẹ̀ka mì, ewé já bọ́, a gbé orí sókè, a sì rí ìrù gígùn kan tó ń wọ inú ewé lọ. Lẹ́yìn náà ni ìyá kan jáde, ọmọ rẹ̀ so mọ́ ọn níkùn, ó jókòó sórí ẹ̀ka, ó ń wò wá. Kò sá. Níbi gbogbo tí mo ti bá ọ̀bọ pàdé ní ìgbẹ́ wa, kí n tó rí ojú rẹ̀ ló ti lọ, nítorí ó mọ ohun tí ìbọn jẹ́. Àwọn ti inú igbó yìí kò gbọ́ ìró ìbọn. Ohun tó jọ mí lójú jù nínú gbogbo ìrìn náà nìyẹn: pé èèwọ̀ tí àwọn èèyàn ń pa mọ́ láti ìran dé ìran ti wọ ara ẹranko, ó ti di ìwà rẹ̀.

Kì í ṣe pé igbó yìí jẹ́ ibi tí ẹsẹ̀ èèyàn kò dé rí. Inú rẹ̀ gan-an ni Òṣogbo ti bẹ̀rẹ̀. Ìtàn ìlú sọ pé láti ìlú Ìpólé ni Láròóyè àti Olútìmẹ́hìn ọdẹ ti wá, omi ni wọ́n ń wá kiri tí wọ́n fi dé etí odò Ọ̀ṣun. Igi tí wọ́n gé wó sínú odò, ó sì fọ́ ìkòkò aró Ọ̀ṣun, ni òrìṣà bá ké jáde láti inú omi. Wọ́n bá a dá májẹ̀mú, wọ́n tẹ̀dó, wọ́n kọ́ ààfin, wọ́n ná ọjà. Nígbà tí wọ́n pọ̀ sí i, wọ́n kó lọ sí ilẹ̀ tó ga, wọ́n sì fi etí odò sílẹ̀ fún ẹni tí wọ́n bá níbẹ̀. Ààfin àtijọ́ méjì ṣì wà nínú igbó, ojúbọ 40 sì wà níbẹ̀, pẹ̀lú ibi ìbọ mẹ́sàn-án tó tò sí etí odò. Ọkùnrin náà mú mi dé ibi tí wọ́n ń pè ní Ọjà Òǹtótó, ọjà àkọ́kọ́, níbi tí ìtàn sọ pé èèyàn àti iwin jọ ń ná. Ère ló wà níbẹ̀ báyìí, igi sì ti yí i ká. Lọ́pọ̀ ibi, igbó ló ń di ìlú. Àwọn ará Òṣogbo ní ibì kan tí wọ́n ti dá ilẹ̀ padà.

Ṣùgbọ́n ìgbà kan wà tí májẹ̀mú náà fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Ní àwọn ọdún 1950, ìjọ tuntun ti fa ọ̀pọ̀ èèyàn lọ, àwọn àwòrò ti dín kù, ikán ti ń jẹ òpó ojúbọ. Àwọn ọdẹ ń wọlé, apẹja ń wọlé, agégi ń wọlé. Ìgbà yẹn ni Susanne Wenger dé. Ìlú Graz ní orílẹ̀-èdè Austria ni wọ́n ti bí i ní 1915. Ọdún 1950 ló bá ọkọ rẹ̀, Ulli Beier, wá sí Nàìjíríà. Àìsàn ńlá kan dá a dùbúlẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn ló bọ́ sọ́wọ́ Ajagẹmọ, àwòrò Ọbàtálá ní Ẹdẹ, Susanne sì wá di olórìṣà tí gbogbo Òṣogbo ń pè ní Àdùnní. Àwọn ará Òṣogbo ní kó bá àwọn tún ojúbọ ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀, kò sì dáwọ́ dúró títí ọjọ́ ogbó rẹ̀. Oṣù kìíní ọdún 2009 ló papòdà, ẹni ọdún 93.

Inú mi kì í dùn sí bí àwọn kan ti ń sọ ìtàn yìí, bí ẹni pé òyìnbó kan ló dá gba igbó là. Àdùnní fúnra rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ náà ní òun nìkan. Adébísí Àkànjí, birikilà, ló fi sìmẹ́ǹtì ṣe ọgbà alárà tó yí igbó ká. Kàsálí Àkàngbé gbẹ́ òpó àti igi òrùlé àwọn ojúbọ. Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí ṣe àwọn ère olójú ńlá tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Àwọn ìyá olórìṣà tí orúkọ wọn kò sí nínú ìwé kankan ló ń bọ odò lójoojúmọ́, yálà àlejò wá tàbí wọn kò wá. Àpapọ̀ wọn ló jẹ́ kí ìjọba kéde apá kan igbó náà gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè ní 1965, tí wọ́n sì fẹ̀ ẹ́ dé gbogbo hẹ́kítà 75 náà ní 1992, kó tó di pé UNESCO fi í sínú àkójọ ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005.

Ẹni tó bá rìn ín lẹ́sẹ̀ á mọ ọgbọ́n tó wà nínú àwọn ère náà. Ní ìkọ́ ọ̀nà kan, igi dí ojú wa, a yí i, ère Ìyá Mọpó sì yọ sí wa lójijì, ó ga fíofío, ó na ọwọ́ jáde. Òrìṣà iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin ni, ti ìkòkò mímọ àti aró rírẹ. Mo sún mọ́ ọn. Òjò ti wẹ sìmẹ́ǹtì rẹ̀ di eérú, ewédò ti bo apá tí oòrùn kì í bà, ewéko kékeré kan sì ti hù láti inú ihò kan lára rẹ̀. Mo ronú nípa agégi tó fẹ́ wọ inú igbó lóru pẹ̀lú ayùn, tó wá tan iná tọ́ọ̀ṣì sí irú ojú yẹn. Igbó tó ti ní ojú kì í ṣe igbó tí èèyàn lè fi ayùn wọ̀ láìronú.

Nígbà tó yá, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, afẹ́fẹ́ tutù sí i, a sì gbọ́ omi. Ọ̀ṣun kì í fi ariwo sáré níbẹ̀, ó ń rìn jẹ́jẹ́, ó ń yí kọ́rọ́, igi sì tẹ̀ sórí rẹ̀ láti ọ̀tún àti òsì. Afárá kan wà tó rọ̀ sórí okùn irin, láti ìgbà àwọn òyìnbó amúnisìn. Ó ń mì bí èèyàn bá dé àárín rẹ̀. Mo dúró níbẹ̀, mo wo ìsàlẹ̀.

Omi náà pọ́n. Òótọ́ ni pé gbogbo odò ló máa ń pọ́n lásìkò òjò, ọwọ́ òjò kò sì tíì kúrò pátápátá nígbà tí mo lọ. Ṣùgbọ́n pípọ́n yìí yàtọ̀. Ó ki, ó dà bíi pé ilẹ̀ ló ń ṣàn. Ewé kan já bọ́ sínú rẹ̀, kí ó tó rì ju ìwọ̀n ìka kan lọ, mi ò rí i mọ́.

Ìyá àgbàlagbà kan jókòó ní ojúbọ etí odò, aṣọ funfun lọ́rùn wọn, igbá kékeré níwájú wọn. A dọ̀bálẹ̀ kí wọn.

"Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ìyá."

"Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọ̀ṣun á gbè yín."

Mo béèrè bóyá bí omi ti rí nìyẹn láti ìgbà tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Wọ́n wo odò pẹ́ kí wọ́n tó dáhùn. "Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí a bá dúró sínú omi yìí, à ń rí ìka ẹsẹ̀ wa. À ń rí ẹja tó ń bá wa ṣeré. Ní báyìí, mo ṣì ń bù ú, mo ṣì ń bọ ọ́. Ìyá mi ni. Àmọ́ mi ò jẹ́ kí ọmọ-ọmọ mi mu ún mọ́."

Ohun tó fà á kò sí nínú igbó. Ìgèdè-Èkìtì ni Ọ̀ṣun ti ń sun. Ó kọjá lọ́pọ̀ ìlú kó tó dé Òṣogbo, lẹ́yìn náà ló ń lọ títí tó fi wọ ọ̀sà ní ìhà Èkó. Wúrà wà nínú ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti agbègbè rẹ̀, lápá òkè odò yìí. Láti ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àwọn tó ń wa wúrà láìgbàṣẹ ti pọ̀ sí i. Wọ́n á gbẹ́ etí àwọn odò kéékèèké tó ń wọ inú Ọ̀ṣun, wọ́n á fi ẹ̀rọ fa omi, wọ́n á fi fọ ilẹ̀ kí wúrà lè yọ, ẹrẹ̀ tó kù á sì padà sínú odò. Àwọn mìíràn máa ń fi mákúrì kó wúrà jọ. Nínú ilẹ̀ tí wọ́n bá dà rú, òjé àti irú irin olóró bẹ́ẹ̀ lè wà, tí omi á máa gbé lọ. Síse omi kò lè mú wọn kúrò, bẹ́ẹ̀ ni sísẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ. Ní 2022, bí ọdún Ọ̀ṣun ti ń sún mọ́lé, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n má mu omi odò náà. Ẹ rò ó wò: èèyàn wọ ọkọ̀ òfurufú láti Salvador da Bahia ní Brazil wá gba omi ìbùkún, wọ́n sì ń sọ fún un létí odò pé kó má fi kan ẹnu.

Mo béèrè lọ́wọ́ ọkùnrin tó mú mi rìn pé kí ni àwọn òṣìṣẹ́ igbó lè ṣe sí i. Ó na ọwọ́ sí ògiri tó wà lọ́hùn-ún láàárín igi. "Ẹ̀gbọ́n, bí ẹnì kan bá mú àáké wọ ibí, a máa mú un. Bó bá jẹ́ ìbọn, a máa mú un. Ṣùgbọ́n ta ni a fẹ́ mú nínú omi?"

Ìbéèrè yẹn ni mo ń gbé kiri látìgbà náà. Òfin 1992 mọ ààlà hẹ́kítà 75, àkọsílẹ̀ UNESCO mọ̀ ọ́n, ọgbà Àkànjí mọ̀ ọ́n. Odò kò mọ̀ ọ́n. Èèwọ̀ àwọn baba wa gan-an gbòòrò ju òfin lọ lórí èyí, nítorí odò ni wọ́n bá dá májẹ̀mú, kì í ṣe ilẹ̀ tó wà létí rẹ̀. Àwọn igi wọ̀nyí ń mu omi yẹn. Àwọn ọ̀bọ ń mu ún. Ẹja tí èèwọ̀ dáàbò bò lọ́wọ́ àwọ̀n ń mí nínú rẹ̀. Bí a bá ń yọ̀ pé a ti dáàbò bo igbó nígbà tí odò ń kú, a kò tíì ṣe ìdajì iṣẹ́ náà.

Síbẹ̀, mo fẹ́ kí èèyàn lọ síbẹ̀. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ iléèwé Òṣogbo pàápàá lọ, kì í ṣe láti lọ kọ ọdún tí wọ́n kọ́ ojúbọ sínú ìwé nìkan, bí kò ṣe láti rìn. Kí wọ́n lọ ní kùtùkùtù, kí oòrùn tó mú, nítorí ìgbà yẹn ni ẹyẹ ń ké, tí àwọn ọ̀bọ sì ń sọ̀ kalẹ̀. Kí wọ́n wọ bàtà tó di ilẹ̀ mú àti aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn nítorí ẹ̀fọn. Kí wọ́n sọ fún ẹni tó ń mú wọn rìn pé ọ̀nà ẹsẹ̀ ni àwọn fẹ́. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí wọ́n bá mú wọlé, kí wọ́n mú un jáde. Lẹ́yìn ọdún Ọ̀ṣun, irú rẹ̀ máa ń wà káàkiri etí odò, ó sì máa ń dùn mí, torí pé àwọn tó ní àwọn fẹ́ràn Ọ̀ṣun ló jù ú síbẹ̀.

Ní ti omi, ohun tó yẹ ní ṣíṣe kò ṣòkùnkùn. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ti Èkìtì àti ti àpapọ̀ gbọ́dọ̀ jọ fọwọ́ sí i, torí pé odò kan náà ló gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá. Kí wọ́n lé ẹni tó ń wa ilẹ̀ kúrò létí odò, kí ẹni tó bá ní àṣẹ sì ní kòtò tí ẹrẹ̀ ti máa fìdí kalẹ̀ kí omi tó jáde. Kí àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn nítorí ebi rí iṣẹ́ mìíràn ṣe. Kí wọ́n máa yẹ omi náà wò lóṣooṣù láti Ìgèdè dé ọ̀sà, kí wọ́n kọ èsì rẹ̀ ní Yorùbá, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri géètì igbó náà, níbi tí a ti ń sanwó ìwọlé, kí àwọn ìyá tó ń bu omi lè kà á.